Adití Lórí Pápá: Ìtàn Etí, Ẹsẹ̀ àti Eré Ìdárayá

Ìtàn ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àwọn ọmọ adití ni, àti bí aráyé ṣe wá mọ ohun tí ara wọn lè ṣe lórí pápá. Inú ilé-kéwú tiwa ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ṣe àṣìṣe tó mú wa wá ìtàn náà lọ.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa ní Òmù-Àrán ní 1998. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1996 ni àìsàn yírùnyírùn, èyí tí í mú kí ọrùn ènìyàn gan, kí orí sì máa fọ́ ọ, kọlu ọmọ náà. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di. Bàbá rẹ̀ mú un wá kí ó lè máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Ó ń wo ojú wàláà, ó ń da lẹ́tà kọ, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ràn lọ. Lọ́sàn-án, ó ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ní ìrun àsùbáà, nígbà tí kò sí iná, bí ó bá ti ń dìde láti ibi tó forí kanlẹ̀ sí, yóò ṣubú lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù a sì bú sẹ́rìn-ín.

A rò pé ó ń fi ìrun ṣeré ni. A nà án. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn ará àdúgbò kan ní àǹjọ̀nú ló ń tì í. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn kéwú, a máa ń ní kí ó jókòó sábẹ́ igi kí ó máa ṣọ́ bàtà wọn, kí ó má baà ṣubú fara pa. Àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ yìí ti di ère Èsìẹ́."

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Èsìẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, tọkùnrin tobìnrin, púpọ̀ nínú wọn ló jókòó sórí àpótí. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn wọn fún ìjọba. Ní 1945 ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù sí ibẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n ní etí, wọn kò gbọ́ràn. Wọ́n ní ẹsẹ̀, wọn kò dìde. Ohun tí baba yẹn rò ni pé bí etí bá ti kú, ẹsẹ̀ náà ti kú nìyẹn. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò dá a lóhùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà rò.

IṢẸ́ MÉJÌ NI ETÍ Ń ṢE

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a lọ fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Níbẹ̀ ni olùkọ́ kan ti la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ó ní iṣẹ́ méjì ni etí ń ṣe. Nínú egungun orí, lẹ́yìn awọ etí, ohun kan wà tó ká kò bí ìkarahun ìgbín. Òun ni ó ń gba ohùn. Ní ìsopọ̀ mọ́ ọn, ihò tóóró mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka, omi sì wà nínú wọn. Bí ènìyàn bá yí orí, omi náà yóò mì, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bí irun tó wà nínú rẹ̀ yóò sì ta ọpọlọ lólobó pé, "A ti tẹ̀ sí ọ̀tún," tàbí, "A ti ń ṣubú." Ohun mẹ́ta ló ń mú ènìyàn dúró láìṣubú: etí inú yìí, ojú, àti bí ẹsẹ̀ àti oríkèé ṣe ń mọ ilẹ̀ lára. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, méjì yòókù yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí a gbọ́ èyí, ọmọ tí a nà ló sọ sí wa lọ́kàn. Àìsàn yírùnyírùn kì í pa ìgbọ́ràn nìkan. Ó lè pa àwọn òrùka mẹ́ta náà pẹ̀lú. Ojú ni ọmọ yẹn fi ń dúró. Bí òkùnkùn bá ti dé, òpó kejì ti yẹ̀ nìyẹn. Kò fi ìrun ṣeré rí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1882, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William James ti yunifásítì Harvard, gbé ìwádìí kan jáde. Ẹ̀yin náà mọ eré tí àwọn ọmọ wa máa ń ṣe, tí wọ́n á máa yí gbirigbiri lójú kan títí òòyì yóò fi kọ́ wọn. Irú rẹ̀ ni James lò. Adití 519 ni ó gba èsì nípa wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti yí wọn gbirigbiri. Nínú wọn, 186 ni òòyì kò kọ́ rárá. 134 ni ó kọ́ díẹ̀. 199 ni ó kọ́ bí ó ti ń kọ́ gbogbo ènìyàn. Ìgbà náà ni ó túbọ̀ hàn pé inú etí ni òòyì ti ń wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iye tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Àwọn 199 yẹn dití, ṣùgbọ́n òòyì ń kọ́ wọn bí ó ti ń kọ́ àwa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo adití ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ranlẹ̀. Ọmọ tí òrùka mẹ́ta etí rẹ̀ bá pé lè sáré, kí ó fò, kí ó sì ju òkò bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé a kò jẹ́ kí ó ṣeré tó ni. Ara ọmọdé, lílò ni ó fi ń gbọ́n.

ÀWỌN TÍ ÒKUN KÒ LÈ MÚ BÌ

Ìtàn kan tún wà tó fi hàn pé ohun tí a pè ní àbùkù lè di ohun tí aráyé ń wá kiri. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Amẹ́ríkà ń múra àtirán ènìyàn lọ sí òfuurufú. Wọn kò mọ ohun tí òòyì àti èébì yóò ṣe fún ẹni tó bá wà níbi tí kò sí òkè, tí kò sí ilẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun ojú omi àti àjọ NASA wá yan ọkùnrin adití 11 láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Mẹ́wàá nínú wọn ni ó jẹ́ pé àìsàn yírùnyírùn ló di wọ́n létí ní kékeré, bíi ti ọmọ ilé-kéwú wa.

Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn sókè, wọ́n jù wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì tún fi mẹ́rin nínú wọn sínú yàrá kan tó ń yí fún ọjọ́ 12. Wọ́n gbé wọn lọ sórí òkun tó ń ru nítòsí Nova Scotia ní Kánádà. Àwọn adití jókòó, wọ́n ń ta káàdì. Àwọn onímọ̀ tó wá wò wọ́n ni èébì dá gúnlẹ̀, títí wọ́n fi ní láti dá ìdánwò náà dúró. Òrùka etí tó kú ni kò jẹ́ kí òkun rí àwọn adití wọ̀nyí mú. Ojú àti ẹsẹ̀ wọn ti kọ́ láti kékeré bí wọn yóò ṣe dá iṣẹ́ náà ṣe.

BÍ Ọ̀NÀ ṢE LÀ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet yìí kan náà ni ọ̀nà ti là dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí ní Alabama ní 1925, Andrew Foster, ni àìsàn yírùnyírùn sọ di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Kó tó dé, ilé-ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití ti wà ní Surulere ní Èkó láti 1958. Ìṣubú ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ló pa Foster ní 1987, lẹ́yìn tó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ju mẹ́wàá lọ ní Áfíríkà. Míṣọ́nnárì Kristẹni ni. A kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn fi òtítọ́ pamọ́. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìpèníjà fún àwa Mùsùlùmí pé ọmọ tí a fi sábẹ́ igi pé kí ó máa ṣọ́ bàtà, ẹlòmíràn ti la òkun kọjá wá kọ́ irú rẹ̀ ní ìwé.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ tí Foster mú wá ni èdè ọwọ́. Láti ara èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú èyí tí àwọn adití ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Nàìjíríà ti wá. Kí ìyẹn tó dé, inú ilé ni ọ̀rọ̀ adití pin sí. Àwọn àgbà ló sọ pé ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi. Bí ìyá kò bá sí nítòsí, ta ni yóò sọ fún ọmọ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀?

Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn kò pé sínú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè. Ọdún náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àkànṣe sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, èyí tó di Federal College of Education (Special). Ní ìpínlẹ̀ Kwara wa, Ìlọrin ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Òbí tó wà ní Òmù-Àrán, Èsìẹ́ tàbí Òrò tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ adití kàwé níbẹ̀ ní láti fi í sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ òbí kò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ ní ilé-kéwú àti ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abẹ́lé, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò mọ èdè ọwọ́, bí àwa ti rí nígbà náà.

PÁRÍÌSÌ, SOFIA, TOKYO

Ní August 1924, adití ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Eugène Rubens-Alcais, kó àwọn adití eléré ìdárayá jọ sí Páríìsì. Eléré 148 láti orílẹ̀-èdè 9 ló wá. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé adití kò ní làákàyè. Wọ́n sáré, wọ́n lúwẹ̀ẹ́, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, aráyé sì rí i. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje yìí ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àfi ìgbà ogun àgbáyé kejì àti ìgbà mìíràn tí wọ́n sún un síwájú. Ní 2001 ni wọ́n fi orúkọ Deaflympics sọ ọ́. Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú rẹ̀ ní 1993, ní ìlú Sofia ní Bulgaria. Ní November 2025 ni wọ́n ṣe é ní Tokyo ní Japan, lẹ́yìn tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ìdíje náà yẹ ní kíkọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ tó sàn jù kò bá lè gbọ́ ohùn tó kéré ju decibel 55 lọ ni wọ́n ń gbà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí nígbà ìdíje, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Níbi eré sísá, iná ni wọ́n ń lò dípò ìbọn: pupa ní kí wọ́n bọ́ sí àyè wọn, òféèfèé ní kí wọ́n múra, aláwọ̀ ewé ní kí wọ́n sáré. Níbi bọ́ọ̀lù, rẹfirí ń ju àsíá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bí àwọn baba wa ti wí. Àwọn adití ló sọ òwe náà di òfin eré.

Àwọn tó ń gbọ́ràn pàápàá ti kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Nínú bọ́ọ̀lù aláfọwọ́mú ti Amẹ́ríkà, àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń pagbo, wọn a dorí kodò láti jíròrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn adití Gallaudet, pẹ̀lú Paul Hubbard, ni a máa ń tọ́ka sí pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890, kí ẹgbẹ́ alátakò má baà rí ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ.

ERÉ TIWA Ń KỌ́?

Nígbà tí a padà sílé pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, a wo eré tí àwọn ọmọ Ìgbómìnà ń ṣe, a sì rí ohun tí a kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Àwọn eré kan ti adití mọ́ta. Bojúbojú, ojú dídì àti orin ni. Ẹni tí kò gbọ́ orin kò lè mọ ìgbà tí wọn yóò ṣí ojú. Ẹkùn mẹ́ran, orin àti ègbè ni. Ẹni tí kò gbọ́ ègbè ni ẹkùn yóò kọ́kọ́ mú. Ọmọ adití tó bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn, wọn yóò ní kí ó lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n àwọn eré mìíràn wà tí kò bi etí ní nǹkan kan. Ìjàkadì, ojú àti ọwọ́ ni. Òkòtó, ìka ni. Ayò, ojú àti ìṣírò ni. Súwè tí àwọn ọmọbìnrin ń fi ẹsẹ̀ kan fò lórí ilà tí wọ́n fà sílẹ̀, òun gan-an ni ohun tí olùkọ́ eré ìdárayá yóò fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀: fífi ẹsẹ̀ kan dúró, fífò sínú àlà, títẹ̀ mú òkò láìṣubú. Oògùn wà lẹ́nu ọ̀nà wa, a fi ọmọ sábẹ́ igi.

Ẹ̀sìn wa kò lòdì sí i. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyàwó rẹ̀ Àíṣà sáré ìje. Ẹni tó bá sì ti ka Súrà Àbásà mọ bí Ọlọ́hun ṣe bá a wí lórí ọ̀rọ̀ afọ́jú tó wá bá a fún ẹ̀kọ́. Bí a kò bá gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí afọ́jú, ṣé adití ni a ó kọ ẹ̀yìn sí?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ adití ṣeré. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni í wò. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù yín mú un wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ó rìn lórí ilà, kí ó gun òkìtì, kí ó ju bọ́ọ̀lù kí ó sì mú un. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra ní ibi méjì. Èkíní ni òkùnkùn: ẹ tan iná fún un, ní ojú ọ̀nà àti ní mọ́sáláṣí. Èkejì ni omi. Ẹni tí òrùka etí rẹ̀ ti kú, bí ó bá rì sínú omi dúdú, ó lè má mọ ibi tí òkè wà. Kí ó má ṣe dá lọ wẹ̀ lódò, kí ẹni tó mọ omi sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró síbi tí ọmọ yóò ti rí ojú yín. Ẹ lo àsíá tàbí aṣọ funfun pẹ̀lú fèrè. Ẹ kọ́ èdè ọwọ́ díẹ̀, kí ẹ sì kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé yóò mọ̀ ọ́n kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2019 ti ka fífi ojú burúkú wo abirùn léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ. Àwa ni a ó jù ú.

Gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí a dènà ohun tí a lè dènà. Ní 1996 nìkan, ó lé ní 100,000 ènìyàn tí yírùnyírùn mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 11,000 tó pa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó ń dènà oríṣi márùn-ún rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ gentamicin láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n gún un, nítorí pé ó lè ba ìgbọ́ràn jẹ́, ó sì lè ba ìdúró jẹ́.

Ọmọ tí a ń sọ ti dàgbà. Télọ̀ ni, ó ní ìyàwó, ó sì bí ọmọ. Lẹ́yìn tí a ti mọ òtítọ́, a lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ wa fún un pé a wá tọrọ àforíjì nítorí ẹgba àsùbáà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ dáhùn. A bi ọmọ náà pé kí ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ní, "Bàbá ní ẹgba kò dun òun tó bàtà. Ó ní òun ìbá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yẹn."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kankan kò ṣọ́ bàtà mọ́ ní ilé-kéwú wa. Kí Ọlọ́hun dárí àìmọ̀ wa jì wá, kí ó sì jẹ́ kí a lo èyí tí a mọ̀. Àmín.